Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Wọ́n Bi Àjàmú Léèrè

Fi ọ̀bẹ sí ọmọ Ìwó lọ́rùn, kí o wá bi í pé báwo ni ara, á ní Alhamdulillah, ara le. Kì í ṣe pé ó ń parọ́. Ìkíni lo kí i, ìkíni ló fi dá ọ lóhùn. Ẹni tó bá kó àìsàn rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí i, wọn kò kọ́ ọ nílé ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ Abdulrasheed nìyẹn, ọmọ alùfáà ní Ìwó, kó tó kó wá sí Ajégúnlẹ̀, tó di alábàárù ní Creek Road, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi oríkì pè é: Àjàmú. Àjàmú agbéméjì-lẹ́ẹ̀kan. Kò sí àpò tó bà á lẹ́rù rí. Ikọ́ nìkan ló rí i gbé ṣánlẹ̀.

Ramlah ìyàwó rẹ̀ ló mọ ikọ́ náà dunjú. Inú ilé-ìkẹ́rùsí tí ọkọ rẹ̀ ti ń ru ẹrù ni òun náà ti ń jẹun. Ẹ̀gbẹ́ géètì ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn, tí yóò máa rán àpò tó bá ya. Ohun tó wà nínú àwọn àpò náà, ìyẹ̀fun funfun kan tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá, orúkọ rẹ̀ gan-an kò yé alábàárù kankan. Pọ́dà ni wọ́n ń pè é. Pọ́dà yìí a máa bà lé wọn ní ìpéǹpéjú, ọmọ ogún ọdún á hewú kí oòrùn tó là. A máa bọ́ sínú omi tí wọ́n ń mu, a máa bọ́ sínú ẹ̀kọ tí wọ́n ń jẹ. Mánẹ́jà ní kò léwu. Ẹ ò ní í bá mánẹ́jà níbi tí pọ́dà wà ṣá, inú ọ́fíìsì tó ní éèsì lòun ti ń wò ó láti ojú gíláàsì.

Àwọn òyìnbó tó ń fi pọ́dà ránṣẹ́ ló ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń rù ú ń gbádùn. Ó yẹ kí wọ́n mú ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò àyà wá. Ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n mú wá. Ìbéèrè márùn-ún kò wọ́n, kì í pẹ́, kì í sì í dá iṣẹ́ dúró. Mánẹ́jà kó gbogbo wọn jọ, ó ṣèlérí pé ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá fi hàn pé ara rẹ̀ kò dá, ilé-iṣẹ́ á gbé e lọ sí ọsibítù, wọn á ya àyà rẹ̀, wọn á tọ́jú rẹ̀, bó bá sì padà dé, ìdí géètì ni yóò jókòó sí, tí yóò máa ka àpò tó ń wọlé. Kò tún ní í fi orí kan ẹrù mọ́ láé.

Nígbà tí Ramlah gbọ́, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ń wúkọ́, ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun: kí dókítà kan wo àyà yẹn kó tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ọmọbìnrin tó wá bi wọ́n léèrè, Tinú lórúkọ rẹ̀. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni, ó kàwé, ó sì gbẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ tó gbà yìí gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Àjàmú lábẹ́ páànù níbi tí gbogbo alábàárù ti ń sinmi, ó kúnlẹ̀. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, sà. Àjàmú ní òo, ọmọ mi, o kú ọ̀nà. Ó ní ṣé dáadáa la bá yín? Àjàmú ní Alhamdulillah. Ó tẹ fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó ní lápapọ̀, báwo ni ara yín? Àjàmú ní ara le koko, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ó ní ṣé ẹ ń rí okun ṣe iṣẹ́ òòjọ́ yín? Àjàmú ní Ọlọ́hun kò fi dù wá. Ó ní oorun ńkọ́? Àjàmú ní à ń sùn, à ń jí, kí la tún ń wá? Ó ní ọkàn yín ńkọ́, ṣé ó balẹ̀? Àjàmú ní ó balẹ̀, ìwọ náà ńkọ́, ìyá rẹ ńkọ́, gbogbo ilé ńkọ́? Tinú rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n wà, sà. Ó wá bi í bóyá ìrora kankan wà níbì kan lára. Àjàmú ní kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ ká rí ìrora.

Tinú dìde. Àjàmú ṣì jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó ń retí àlejò. Nígbà tó rí i pé ó ń kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó pè é padà.

"Ọmọ mi, ìbéèrè wá ńkọ́?"

"Ó ti parí, sà. Ẹ ti dáhùn gbogbo ẹ̀."

Àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín. Àjàmú náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ tẹ̀ ẹ́ ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ẹni kejì ni Tinú ti ń kí nígbà yẹn. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n kò ní etí.

Ramlah ju àpò sílẹ̀. Ó dúró de ọmọ náà lẹ́yìn òkìtì àpò títí tó fi ṣe tiwọn tán, ó sì dí i lọ́nà.

"Ìwọ ọmọ yìí, o gbọ́ ikọ́ yẹn àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Kí lo wá kọ síbẹ̀?"

Tinú wolẹ̀. Ó ní dára púpọ̀ lòun tẹ̀, torí ohun tí bàbá fi ẹnu ara wọn sọ nìyẹn. Ó ní wọ́n ti kì àwọn nílọ̀ pé kí àwọn má fi tàwọn kún un, kí àwọn má darí ẹnikẹ́ni, kí àwọn má sì gba ọ̀rọ̀ ìyàwó lórí ara ọkọ. Ramlah bi í pé ta ló mọ ara ọkọ ju ìyàwó lọ, ṣé fóònù ni? Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó máà bínú, pé àwọn ṣì ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹni kan náà, ìbéèrè kan náà, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ìdáhùn wọn dúró.

Ibẹ̀ ni ìrètí ti wọlé, ibẹ̀ náà ni àṣìṣe gbà wọlé. Nítorí nílé tí wọ́n ti tọ́ Ramlah, bí àgbà bá bi ọ́ ní nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kejì, àánú rẹ ló ń ṣe é. Ó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ kí o lè tún ẹnu rẹ ṣe. Bí bàbá Ramlah ṣe máa ń ṣe é nìyẹn bí ẹran bá dín nínú ìkòkò. Á bi í ṣé òun kọ́ ló jẹ ẹ́, Ramlah á ní òun kọ́. Bàbá á wo òkè, á tún bi í pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni òtítọ́ máa ń jáde, wọn kì í sì í na ẹni tó bá sọ ọ́ nígbà náà. Ramlah gbà pé bí àwọn onímọ̀ ìwé náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ta ni yóò rò ó láé pé èèyàn lè bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kó lè mú ọ?

Ó bá dojú ọ̀rọ̀ kọ ọkọ rẹ̀. Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń jà á, èyí tó le ju ariwo lọ. Àjàmú bi í pé ṣé ó fẹ́ kí òun jókòó láàárín ọkùnrin, kí òun máa ka àìsàn bí ẹni ka tẹ̀sùbáà, kí málááíkà tó ń kọjá lọ lè ṣe àmín sí i? Ramlah ní málááíkà ti gbọ́ ikọ́, àfi bó bá jẹ́ pé ó dití. Àjàmú ní bàbá òun kò ráhùn rí títí wọ́n fi jáde láyé, Alhamdulillah ló wà lẹ́nu wọn.

"Kí ló pa wọ́n?" Ramlah béèrè.

Àjàmú kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n bi bàbá náà títí, ó ní ara òun le.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹnu Ramlah ló borí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni lèmọ́mù kò sí nílé, wọ́n sì ti Àjàmú síwájú kó ṣáájú wọn kí ìrun Mọ̀gàríbì ní mọ́sáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ Fátíhà. Ó dé àárín, ikọ́ gé e. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ikọ́ tún gé e. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ló bọ́ síwájú, tó bá wọn parí ìrun. Àjàmú darí wálé, ó jókòó sórí ẹní, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Lubabah," ó ní. Lubabah ni ọmọ wọn tó wà nílé ọkọ ní Ìjọra Badia. "Mo lè gbé àpò méjì, mi ò lè gbé Fátíhà kan délé. Jẹ́ kí wọ́n tún wá. Màá sọ."

Tinú padà dé lóòótọ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, wọ́n kí ara wọn dáadáa. Ramlah ti wá dúró lẹ́yìn òpó, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ náà ní lápapọ̀, báwo ni ara yín, Àjàmú kọ́kọ́ wo ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sódò tí kò mọ bó ṣe jìn tó.

"Ara mi kò dá," ó ní. "Mi ò lè mí kanlẹ̀. Bí mo bá ru ẹrù gun pákó lọ sórí òkìtì àpò, àyà mi á máa súfèé. Ikọ́ náà ti ń mú ẹ̀jẹ̀ wá."

Ramlah di òpó mú. Kò mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀. Òun tó ń sọ pé òun ló mọ ara yìí jù, òun náà kò mọ̀.

Ejiro, ọmọ alábàárù kan tó máa ń fi Àjàmú yangàn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Àjàmú, na you be dis?" Kò sọ ọ́ bí èébú. Ìyẹn gan-an ló dùn jù níbẹ̀.

Tinú tẹ fóònù, ó wò ó, ó wo Àjàmú, ó la ẹnu díẹ̀, ó sì pa á dé. Ramlah rí i. Ó rò pé àánú ló ń ṣe é.

Monday ni fóòmàn wọn, ọmọ Ìsókó tó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ Yorùbá mìíràn lọ. Òun ló ń yan ẹni tí yóò ru ẹrù láràárọ̀. Òun náà wà lábẹ́ páànù lọ́jọ́ náà, òun náà sì gbọ́. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ó fò Àjàmú kọjá lórí ìlà. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó ná. Tẹ́ ẹ bá já bọ́ lórí pákó, èmi ni wọ́n máa mú. Ṣebí wọ́n máa pè yín fún iṣẹ́ géètì." Àjàmú jókòó. Alábàárù tí kò ru ẹrù kò ní nǹkan í mú lọ sílé, ìyẹn ò ní àlàyé. Ramlah ń rán àpò ti ara rẹ̀, ó tún ń rán àwọn tí ẹlòmíràn sá fún, ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó fara dà á, èsì ń bọ̀.

Èsì dé. Wọ́n to àga rọ́bà sábẹ́ páànù. Ọkùnrin tó kó ìwádìí náà jọ, Dókítà Ọmọ́lẹ́yẹ, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, dókítà ìwé ni. Inú rẹ̀ dùn, ó sì hàn pé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní àwọn alábàárù yìí, ara wọn dá ju ti àwọn akọ̀wé báńkì tí òun bi ní Victoria Island lọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, torí ẹ̀ẹ̀mejì làwọn bi wọ́n, ohun tí wọ́n sọ lákọ̀ọ́kọ́ náà ni wọ́n tún sọ, kò yí, kò yẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá dúró báyìí, ó ní, ọ̀rọ̀ tó ṣeé gbára lé ni. Mánẹ́jà pàtẹ́wọ́. Àwọn alábàárù náà pàtẹ́wọ́, torí wọ́n ní ara wọn le, ta ni kò ní í pàtẹ́wọ́ sí ìyẹn? Bí wọ́n ṣe ń pa á ni pọ́dà ń bù jáde láàárín ọwọ́ wọn.

Ramlah dìde. Ó kúnlẹ̀ kí dókítà ná, wọ́n kọ́ òun náà nílé. Ó wá ní òun kò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ọkọ òun. Dókítà bi Tinú, Tinú ṣí kọ̀ǹpútà, ó sọ nǹkan sí i létí láì gbójú sókè. Dókítà ní òun ti rántí. Ó ní àwọn díẹ̀ kan wà tí ìdáhùn wọn méjèèjì kò bára mu rárá. Bàbá ní dára púpọ̀, oṣù kan ò tíì pé, bàbá ní burú púpọ̀. Bóyá ìbéèrè kò yé wọn, bóyá iṣẹ́ géètì ló ń wù wọ́n, èèyàn kò lè mọ̀. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́, kó má baà ba ìyókù jẹ́.

"Ẹ yọ ọ́ sí ibo?" Ramlah béèrè.

"A kò kà á mọ́ ọn ni, mà. A ò sọ pé ara wọn dá, a ò sì sọ pé kò dá."

Àjàmú ń wolẹ̀. Ramlah gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí, ó gbọ́ súfèé náà, òun nìkan ló jọ pé ó gbọ́ ọ nínú gbogbo wọn.

"Ọkọ mi ń pọ ẹ̀jẹ̀, ẹ ní kò sí níbẹ̀," ó ní. "Àwọn tó purọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní wọ́n ṣeé gbára lé. Ẹni tó purọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ojú tì í, tó wá sọ òtítọ́ láàárín ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, òun lẹ lé síta. Dókítà, àwọn òkúta etí títì yẹn, ẹ lọ bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọn ò ní í yí ohùn padà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara òkúta le."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó ní làákàyè wà nínú ọ̀rọ̀ màmá, òun yóò fi gbólóhùn kan nípa rẹ̀ sí ìparí ìwé òun. Mánẹ́jà ní níwọ̀n ìgbà tí èsì kò ti fi aláìsàn kankan hàn, kò sí ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń gbé lọ sí ọsibítù, kò sì sí iṣẹ́ géètì tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Wọ́n pín míníráàlì. Ejiro gbé tirẹ̀ wá fún Àjàmú, Àjàmú sì gbà á, torí kò fẹ́ kí ojú ti ọmọ náà.

Tinú sáré bá Ramlah ní ojú títì láàárín àwọn tírélà. Ó ní òun ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé fóònù ti pọ́n pupa bí bàbá ṣe la ẹnu, tó ń sọ pé èyí kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ó ní wọn ò gbà fún àwọn láti sọ ọ́ ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ramlah wá èpè tó tọ́ sí i ní ẹnu ara rẹ̀, kò rí ọ̀kankan.

"Lọ sílé lọ kí ìyá rẹ," ó ní. "Bó bá ní ara òun le, má gbà á gbọ́."

Àjàmú padà lọ bá Monday. Ó ní ara òun ti le, àwàdà lòun ń ṣe lọ́jọ́ yẹn. Monday fi ọwọ́ rẹ̀ lé e léjìká, ó ní, "Bàbá, gbogbo wa la gbọ́." Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn: nínú ìwé, kì í ṣe aláìsàn kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀, lẹ́nu àwọn èèyàn, kì í ṣe ẹni tó le kí wọ́n lè gbé ẹrù rù ú. Ọsibítù ìjọba kò jìnnà, ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ru ẹrù, kí ni yóò fi ya fọ́tò àyà?

Ilé-ìkẹ́rùsí kan wà ní Malu Road tí wọ́n ti ń wá èèyàn. Pọ́dà kan náà ni. Alhaji Yasir ni olórí alábàárù ibẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti wọ inú èjìká nítorí ẹrù. Àjàmú ní kí Ramlah sin òun lọ, torí ó gbọ́ pé wọ́n tún ń wá aránpò. Ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó mu omi atalẹ̀ gbígbóná kí ikọ́ lè sùn. Òun àti Alhaji kí ara wọn bó ṣe yẹ, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọ̀nà. Àjàmú ní ara le, Alhamdulillah. Alhaji mirí bí ẹni tó gbọ́ òjò lórí páànù, ó sì kọjú sí Ramlah.

"Ìyá, ẹ máà bínú o. Mi ò kì í gba ti ọkùnrin gbọ́ nípa ara rẹ̀, èmi náà ọkùnrin ni. Ìyàwó ni mo máa ń bi. Mo ti gbé òkú kúrò lórí pákó yìí rí, mi ò fẹ́ gbé òmíràn. Ṣé ara ọkọ yín le?"

Nínú gbogbo àwọn tó ti ń béèrè, ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó bi ẹni tó mọ̀. Ramlah la ẹnu. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ahọ́n rẹ̀, ẹ̀jẹ̀, súfèé, Fátíhà tó já. Ó wo ọkọ rẹ̀. Àjàmú kò bẹ̀ ẹ́, kò ṣẹ́jú sí i. Ó kàn dúró síbẹ̀ nínú ẹ̀wù mímọ́ rẹ̀. Òun Ramlah ló fa òtítọ́ jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí, àrà tí òtítọ́ náà sì fi wọ́n dá, inú rẹ̀ ni wọ́n ṣì wà.

"Ó le, Alhaji," ó ní.

Wọ́n ju òṣùká sí Àjàmú. Ó gbé e lérí, ó gun pákó lọ. Ramlah béèrè ibi tí àwọn aránpò ń jókòó sí. Wọ́n nawọ́ sí ìdí géètì tó dojú kọ pákó, ó ní rárá, ṣé kò sí ibòmíràn, níbi tó jìnnà sí pákó.